Bí A Ṣe Ń Yẹ Agbára Ọmọ Ogun Orílẹ̀-Èdè Kékeré Wò

Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kí ó kọ iṣẹ́ lórí ọmọ ogun orílẹ̀-èdè kékeré, ì báà jẹ́ ní yunifásítì Adó-Èkìtì tàbí ti Ọ̀yẹ́, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ọmọ ogun, a sì máa parí rẹ̀ síbẹ̀. Lójú tèmi, iye yẹn ló yẹ kí ó kẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ wádìí àwọn tí wọ́n ń gbà síṣẹ́, àwọn tí ó ń kọ́ wọn, àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tí wọ́n sì ń sùn.

Ẹ fi iye ènìyàn orílẹ̀-èdè náà wé ibi tí ẹ mọ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka nǹkan bí mílíọ̀nù 2.4 sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Estonia, orílẹ̀-èdè olómìnira tí ó bá Rọ́ṣíà pààlà, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 1.4 péré. Níbi tí ènìyàn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ kan náà tí ológun ń wá ni ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ ń wá. Ìdí nìyí tí Estonia fi fi òfin sọ iṣẹ́ ológun di dandan fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin fún oṣù díẹ̀, tí ó sì ń pè wọ́n padà fún ìdánrawò lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ẹ pín àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí ó fi ológun ṣe iṣẹ́ ayé wọn, àwọn tí òfin mú wọlé, àti àwọn tí a lè pè láti ilé nígbà tí ogun bá dé. Luxembourg, orílẹ̀-èdè kékeré mìíràn ní Yúróòpù, gba ọ̀nà mìíràn: ó pa irú òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní 1967, ẹni tí ó bá fínnúfíndọ̀ wá nìkan ni ó sì ń gbà, títí kan ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí ó ń gbé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Kò sí orílẹ̀-èdè kékeré tí ó lè dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ ogun. Luxembourg ń rán àwọn tí yóò di ọ̀gá lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù. Estonia, Latvia àti Lithuania, àwọn mẹ́ta tí ó wà ní etí òkun Baltic, pawọ́ pọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ ní ìlú Tartu ní Estonia ní 1999 fún àwọn ọ̀gágun wọn. Àjọṣe báyìí dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá àwọn ọmọ onílùú yóò lè máa kọ́ ara wọn bí àlejò bá lọ. Ọ̀ràn Gáḿbíà ló fi èyí hàn jù. Ṣẹ́nẹ́gà ló bá a pa ọ̀tẹ̀ ọdún 1981, nígbà tí àjọṣepọ̀ àwọn méjèèjì sì tú ká ní 1989, àwọn ọ̀gágun Nàìjíríà ló wá ń darí ọmọ ogun rẹ̀ tí wọ́n sì ń kọ́ wọn. Ní oṣù Keje 1994, Lẹ́fútẹ́náǹtì Yahya Jammeh àti àwọn ọ̀dọ́ ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba. Lára ohun tí ó ń bí àwọn ológun nínú ni owó, ibùgbé, àti pé àlejò ló wà lórí wọn. Ẹni tí ó bá ka iye ìbọn nìkan kò lè rí ìyẹn.

(Èkìtìparapọ̀ náà mọ ìṣòro yìí ní ogun Kírìjì: Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ni àwọn ìlú Èkìtì gbà ní olórí ogun, ìbọn ìgbàlódé sì ti Èkó wá láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn tí ó wà níbẹ̀.)

Ní ti ilé àti pápá, ẹ má ṣe dúró lórí bárékè. Ilẹ̀ ìdánrawò ló ṣòro jù. Pápá tí a ti ń yin ìbọn ńlá gba ilẹ̀ púpọ̀, ilẹ̀ náà sì ní ẹni tí ó ń gbé orí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Estonia pinnu ní 2023 láti fẹ pápá Nursipalu lójú, àríyànjiyàn gbóná láàárín àwọn ará àdúgbò náà. Ará Èkìtì tí ó mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ kò nílò àlàyé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe san owó gbà-máà-bínú, àti bóyá ẹjọ́ dé kóòtù.

Àìní ọkọ̀ òfurufú ajagun kò túmọ̀ sí pé ojú ọ̀run kò ní ẹ̀ṣọ́. Láti 2004 ni àwọn orílẹ̀-èdè NATO, àjọ ìgbèjà àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà, ti ń gba iṣẹ́ ṣọ́ ojú ọ̀run àwọn mẹ́ta ìhà Baltic lọ́wọ́ ara wọn. Ọkọ̀ òfurufú akẹ́rù A400M kan ṣoṣo ni Luxembourg ní. Ọdún 2020 ni wọ́n gbà á, Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n sì gbé e sí, níbi tí àwọn méjèèjì ti jọ ń lò ó. Àdéhùn ni kí ẹ kà níhìn-ín.

Nígbà tí ẹ bá ti kọ gbogbo èyí tán, ẹ wá fi iye ọmọ ogun sí i. Ẹ kọ ọdún tí iye náà ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ bóyá iye ìgbà àlàáfíà ni tàbí ti ìgbà ogun, nítorí ní irú orílẹ̀-èdè bí Estonia, ìyàtọ̀ méjèèjì lé ní ìlọ́po mẹ́ta.