Bí A Ṣe Ń Tún Àṣìṣe Inú Fáìlì Ọsibítù Ṣe Nígbà Tí A Bá Ń Béèrè Owó Disability ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó máa kọ́kọ́ pinnu bóyá kí wọ́n fún yín lówó Disability, lọ́pọ̀ ìgbà kò ní fojú rí yín. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ kan tó ń bá Social Security ṣiṣẹ́ ló wà, fáìlì ọsibítù yín ló sì ń kà. Bí wọ́n bá kọ síbẹ̀ pé ẹ̀ ń rìn láìlo ọ̀pá, ohun tó máa gbà nìyẹn, kódà bí ẹ kò bá lè dé balùwẹ̀ láìdi ògiri mú.

Mo ti bá àwọn èèyàn wa ní Houston àti Maryland jókòó ti ìwé yìí, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́. Gbígba fáìlì kò le, kíkà á kò le. Lẹ́tà tí wọ́n máa fi ní kí ọsibítù tún àṣìṣe náà ṣe ni wọn kì í mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹ gba fáìlì náà fúnra yín

Fọ́ọ̀mù SSA-827 tí ẹ fọwọ́ sí ló fún Social Security láyè láti gba fáìlì yín lọ́wọ́ ọsibítù. Ìyẹn ò ní kí ẹ̀yin náà má gba tiyín. HIPAA, òfin Amẹ́ríkà lórí àkọsílẹ̀ ìlera èèyàn, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ọsibítù sì ní ọjọ́ 30 láti fi dá yín lóhùn. Wọ́n lè fi 30 mìíràn kún un lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ́fíìsì Medical Records ni kí ẹ lọ. Ìwé After Visit Summary tí wọ́n ń nà sí yín bí ẹ bá ti fẹ́ máa lọ sílé kì í ṣe fáìlì o. Ohun tí dókítà kọ, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ, ti physical therapy, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ti X-ray àti MRI ni kí ẹ béèrè, láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

PDF ni kí ẹ gbà. Ti bébà máa ń ná èèyàn lówó, ojú ewé rẹ̀ sì máa ń dàrú. Bí PDF bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl àti F, kí ẹ wá "walk", "cane", "work", "alcohol", "refused". Láàárín wákàtí kan ẹ ti mọ ibi tó ń rùn. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, kó lo ti láíbìrì àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni. Kó ṣáà má fi fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń lò.

Ẹ wo ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ọ̀tún tàbí òsì, oògùn, ọjọ́ ìbí. Ẹ̀yin ìbejì, ẹ lajú dáadáa: Táíwò àti Kẹ́hìndé tí orúkọ bàbá wọn, ọjọ́ ìbí wọn àti àdírẹ́sì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, èsì àyẹ̀wò ẹnì kan lè bọ́ sínú fáìlì ẹnì kejì. Mo tún rí fáìlì obìnrin kan tí wọ́n kọ sí pé ó kọ̀, kò lo oògùn, nígbà tó jẹ́ pé owó oògùn ni kò ní. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn lójú Social Security. Àìlówó, bí kò bá sí ibi téèyàn ti lè rí oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́, jẹ́ ìdí tí wọ́n máa ń gbà. Kíkọ̀ láìnídìí lè mú kí wọ́n má fún yín lówó náà.

Èyí tó dà bí àṣìṣe tí kì í ṣe àṣìṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà béèrè pé báwo ni ara, ẹ ní "Fine, thank God", bí ẹ ṣe máa dá aládùúgbò lóhùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: "Patient doing well". Ohun tó jáde lẹ́nu yín ló kọ, kò sí lẹ́tà tó lè pa á rẹ́. Nígbà tí ẹ bá tún rí i, ẹ sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ lè fi dúró, ìwọ̀n ẹrù tí ẹ lè gbé, bí ìrora ṣe ń jí yín lóru, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́.

Lẹ́tà náà

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ gbìyànjú àbùjá kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí dókítà tó kọ àṣìṣe náà, lórí MyChart (ìkànnì tí aláìsàn fi ń bá dókítà sọ̀rọ̀) tàbí irú ẹ̀ tí ọsibítù yín ń lò, pé kó kọ addendum, ìyẹn àfikún tó ń tún ohun tó kọ ṣe. Bí òun náà bá rí i pé àṣìṣe ni, ó lè ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó di ọ̀rọ̀ lẹ́tà.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe tí kò dára ni pé wọ́n ń bá dókítà jà. "Dókítà yìí kò kà mí sí, ó rò pé irọ́ ni mò ń pa." Ọsibítù lè kọ̀ láti yí ohunkóhun padà bí wọ́n bá ní ohun tó wà níbẹ̀ tọ̀nà, ó sì pé. Èrò dókítà ni ti dókítà. Ohun tí ẹ lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ nìkan ni kí ẹ bá wọn sọ: ọjọ́, ẹsẹ̀, oògùn, iṣẹ́, ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Ẹ má sì sọ pé kí wọ́n pa á rẹ́. Wọn kì í sábà pa nǹkan rẹ́. Àtúnṣe ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn.

Èkejì, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwọn. Ọsibítù lè kọ̀ bí kì í bá ṣe àwọn ló kọ ọ́. Àwọn dókítà sì máa ń da ohun tí ẹlòmíràn ti kọ kọ, tó fi jẹ́ pé gbólóhùn kan ṣoṣo á wà ní ibi mẹ́fà. Ẹ wá ojú ewé tí ọjọ́ rẹ̀ pẹ́ jù lọ tí gbólóhùn náà ti kọ́kọ́ hàn. Àwọn tó kọ ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá lọ bá àwọn tó dà á kọ.

Ẹ̀kẹta burú jù: ẹ má fi bírò tàbí Tipp-Ex kan fáìlì náà. Àyédèrú nìyẹn máa dà lójú ẹni tó bá rí i, ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀ sì ni.

Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ lẹ́tà, àmọ́ bó ṣe gbọ́dọ̀ kúrú tó nìyí: "Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, Dókítà Lágbájá kọ pé orúnkún òsì ló ń dùn mí. Orúnkún ọ̀tún ni. Èsì X-ray ọjọ́ 2 oṣù náà, tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí, sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi tó Social Security létí." Àṣìṣe kan, ìpínrọ̀ kan. Bí wọ́n bá ní fọ́ọ̀mù tiwọn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú rẹ̀.

Ẹ má fi tẹlifóònù ṣe é. Certified Mail pẹ̀lú return receipt, ìyẹn lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ máa fún yín ní ẹ̀rí pé ó dé, ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ owó ná, kó mú ẹ̀dà méjì lọ fúnra rẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí ọ̀kan fún un.

Ọjọ́ 60 ni ọsibítù ní láti fèsì, wọ́n sì lè fi 30 kún un bí wọ́n bá kọ ìdí rẹ̀ sí yín. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀. Ẹ kọ Statement of Disagreement padà, ìyẹn ìwé tó sọ pé ẹ kò fara mọ́ ìpinnu wọn. Ó gbọ́dọ̀ máa bá ojú ewé náà lọ nígbàkígbà tí wọ́n bá tún ń fi í ránṣẹ́ síbì kan. Ẹ lè fẹjọ́ sun Office for Civil Rights, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òfin HIPAA, láàárín ọjọ́ 180, àmọ́ Statement yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Ọjọ́ Social Security kì í dúró

Bí Social Security bá ti ní àwọn ò ní fún yín lówó, ọjọ́ 60 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì máa ń fi 5 kún un fún ìrìn àjò lẹ́tà. Ẹ ò lè máa dúró de ọsibítù. Ẹ pe ẹjọ́ náà, kí ẹ so ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ kọ sí ọsibítù mọ́ ọn. Bó bá dé iwájú adájọ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ẹ̀rí ránṣẹ́, tàbí kí ẹ ti sọ fún wọn pé ó ń bọ̀, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 5 kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé.

Ojú ewé àtijọ́ àti àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ jọ fi ránṣẹ́. Òfin wọn ní kí ẹ kó ohun gbogbo wá, èyí tó gbè yín àti èyí tí kò gbè yín. Ẹ má sì gbà pé ọsibítù ti bá yín fi ránṣẹ́, kódà bí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe é. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Social Security fúnra yín, kí ẹ gba rìsíìtì. Lẹ́yìn náà, ẹ tún béèrè ojú ewé yẹn nìkan lọ́wọ́ Medical Records, kí ẹ wò ó bóyá àtúnṣe náà ti wà níbẹ̀ lóòótọ́.