Gbé e sókè, má tì í wálẹ̀: bí a ṣe ń kọ́ iṣan ìsàlẹ̀ abẹ́ níṣẹ́

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà níbí, ata ọbẹ̀ gba ọ̀nà tí kò yẹ nínú ọ̀fun mi. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé ìtọ̀ ti jò sí mi ní ìró. Mo tú ìborùn mi, mo fi so ìbàdí, mi ò sì dìde títí wọ́n fi ń ká àga. Ọmọ mi kejì kò tíì pé oṣù mẹ́rin nígbà náà. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú ara, ni mò ń ṣe jẹun. Èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá abẹ́.

Nígbà tí mo délé tí mo dùbúlẹ̀ yẹ ara mi wò, àṣírí tú. Mò ń di ìdí pọ̀, mò ń sé èémí, ikùn mi sì ń wú síwájú. Títì ni mò ń ti iṣan ìsàlẹ̀ abẹ́ wálẹ̀, mo wá rò pé mò ń gbé e sókè. Láti ìgbà náà, àṣìṣe yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wá lára ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ́dọ̀ mi, mo sì ń rí i dáadáa. Ẹni tó bá ń tì í wálẹ̀ ní ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́, ó sàn kó má ṣe é rárá. Nítorí náà, mi ò ní sáré tí a bá dé ibi wíwá iṣan náà rí.

Ohun tó wà níbẹ̀

Ẹ fojú inú wo garawa kan nínú ikùn yín. Ọmọrí rẹ̀ lókè ni iṣan tí a fi ń mí, tó tẹ́ sábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró bí agboòrùn. Ara garawa náà ni iṣan ikùn tó jìn jù, tó yí wa ká láti ẹ̀yìn wá síwájú bí ọ̀já tí a fi pọnmọ. Lẹ́yìn, àwọn iṣan kéékèèké kan di eegun ẹ̀yìn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí garawa ni iṣan ìsàlẹ̀ abẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti eegun tó wà lókè ojú ara níwájú, ó dé eegun ìrù lẹ́yìn, bí aṣọ tí èèyàn mẹ́rin di igun rẹ̀ mú. Orí aṣọ yìí ni àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun jókòó lé. Ọkùnrin náà ní in, àfi pé kò sí ilé ọmọ nínú tirẹ̀. Àwọn bàbá tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì, ohun kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, mọ bí ó ti ń rí tí aṣọ yìí bá dẹ̀.

Oyún àti ìbímọ máa ń nà án. Ìgbẹ́ líle tí èèyàn ń fi agbára yà máa ń tì í wálẹ̀, ikọ́ tí kò lọ bẹ́ẹ̀ náà, ẹrù wúwo bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn ìyá wa á ní ara àgbà ló fà á tí ìtọ̀ fi ń jò, wọ́n á máa ká aṣọ sábẹ́ kiri. Ó ṣe é tún ṣe, ẹ̀yin ìyá mi. Ní 1948 ni Arnold Kegel, dókítà àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa eré ìdárayá yìí, òun ló fà á tí àwọn kan fi ń pè é ní Kegel.

Ìmí ló ṣáájú

Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ọwọ́ kan lórí àyà, èkejì lórí ikùn. Ẹ fi imú fa èémí wọlé. Ọwọ́ orí ikùn ni kó gòkè, kí eegun ìhà sì fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti orí àyà kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ mira. Bí èémí ṣe ń wọlé, ìdí garawa ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe ń jáde, ìdí garawa ń padà gòkè. Ẹ mí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá láìfún nǹkan kan pọ̀. Ó lè dà bí iṣẹ́ ọ̀lẹ, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń dẹ iṣan yìí kò lè fún un dáadáa.

Wíwá iṣan náà rí

Ẹ gbà pé ẹ wà nínú mọ́tò tó ń lọ Òṣogbo, ẹ mẹ́rin lẹ́ ń há ara yín mọ́ lẹ́yìn, ìsó sì fẹ́ yọ. Bí ẹ ṣe máa rọra fún ihò ìdí pa tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kò ní fura, ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ wá fa ìfúnpa yẹn bọ̀ níwájú, bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sókè sínú, bí ìgbà tí èèyàn fi ète fa ògì. Kí ọkùnrin mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan òun fà wọlé díẹ̀, ẹpọ̀n sì gòkè.

Ẹnu, èjìká, itan, ìdí: gbogbo wọn gbọdọ̀ wà jẹ́jẹ́. Tí ẹni tó jókòó tì yín bá lè mọ̀ pé ẹ ń ṣe nǹkan, ó ti lágbára jù. Ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta sókè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò lè sé èémí.

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ pé ẹ rí i, ẹ ká aṣọ ìnura roboto, ẹ fi sórí àga líle, ẹ jókòó lé e kó wà láàárín itan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé abẹ́ yín ń fẹ́ kúrò lórí aṣọ náà. Tó bá jẹ́ pé ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, títì lẹ̀ ń tì í. Ẹ padà sí ìmí, kí ẹ tún un wá. Ẹlòmíì máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan níbí, mi ò sì ní sọ pé ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má máa fi ìtọ̀ gidi kọ́ ọ. Ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró lójoojúmọ́ lè sọ ọ́ di àṣà kí ìtọ̀ má tán nínú àpò rẹ̀.

Iye tí a ń ṣe

Bí ẹ ṣe ń mí síta, ẹ gbé e sókè, ẹ dì í mú, ẹ máa mí lọ, ẹ máa kà títí dé ibi tó ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín. Ó lè jẹ́ mẹ́ta péré. Mẹ́ta náà ni ìwọ̀n yín nìyẹn. Ẹ dẹ̀ ẹ́ pátápátá, kí ìsinmi tó iye tí ẹ fi dì í mú, kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ ṣe é ní 8 tàbí 10. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe 10 tó yára: gbé, dẹ̀, gbé, dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ sún un títí ẹ ó fi lè dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10.

Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta, kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ìgbàgbé ló ń pa á jù. Ẹni tó ń kírun lójúmọ́ lè so ó mọ́ ìdí ìrun mẹ́ta. Èmi so tèmi mọ́ fífọ eyín àti gbígbé omi tíì kaná.

Ọ̀já inú ikùn

Ẹ padà sórí ẹní. Ẹ wá eegun méjì tó yọ sí iwájú ìbàdí lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ fi ìka sún wọlé díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ mí síta, ẹ gbé ìsàlẹ̀ abẹ́ sókè, kí ẹ sì rọra fa ìsàlẹ̀ ìdodo sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹ bá fún ọ̀já ọmọ sí i díẹ̀. Abẹ́ ìka yín á le rọra. Bó bá ta ìka yín sókè, iṣan òde lẹ̀ ń lò, ẹ dín agbára kù. Ẹ di ìyẹn mú, kí ẹ sì wọ́ gìgísẹ̀ kan lọ síwájú lórí ẹní títí ẹsẹ̀ fi fẹ́ nà tán, kí ẹ wọ́ ọ padà. Ìbàdí kò gbọdọ̀ yí, ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ti iṣan ẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀ bí ọmọ tó ń rákò, kí ẹ̀yìn tẹ́jú. Ẹ ní kí ẹnì kan gbé abọ́ ike tó ní omi díẹ̀ lé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín. Ẹ mí síta, ẹ gbé abẹ́ sókè, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn láìga ju ìdí lọ, ẹ kà dé márùn-ún, ẹ dá a padà. Ẹ ṣe ti òsì. Nígbà tí omi kò bá dà mọ́, ẹ na ọwọ́ òsì síwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ sì pààrọ̀. Ọmọ mi àkọ́bí ló ń ṣe rẹfirí tèmi. Ìgbà tí omi kọ́kọ́ dà sí mi lọ́rùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ìlò rẹ̀ nínú iṣẹ́ òòjọ́

Orí ẹní kọ́ ni ìtọ̀ ti ń jò. Kí ẹ tó wúkọ́, kí ẹ tó sín, kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè, kí ẹ sì dì í mú títí yóò fi kọjá. Ó nílò àkókò kí ara tó mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà á máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Ní Iléṣà níbí, a kì í fi iyán ṣeré. Ẹ wo àwọn géńdé tó ń gún un ní búkà: bí ọmọ odó bá ti ń balẹ̀, wọ́n á ní "hùn!" Èémí ń jáde níbi tí iṣẹ́ ti wúwo. Ẹ ṣe bákan náà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Èyí tó jẹ́ lítà 25, tó bá kún, ó tó kílò 25. Ẹ fà á mọ́ra, ẹ fi orúnkún bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé abẹ́ sókè, ẹ mí síta, kí ẹ tó gbé e. Tó bá jẹ́ ti orí ni, ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé e rù, kí wọ́n sì bá yín sọ̀ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn Òṣómàáló wa, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri nígbà kan, orí òṣó ni wọ́n ń wà níwájú ilé onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ipò yẹn gan-an ló ń la ọ̀nà ìdí. Tó bá jẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ òyìnbó lẹ̀ ń lò, ẹ gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ máa mí síta, ẹ má fi agbára tì. Omi, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso á bá yín dín ìgbẹ́ líle kù.

Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ rí wa

Ẹni tó ń ní ìrora lójú ara nígbà tó bá wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ ṣòro fún láti jáde, iṣan tirẹ̀ lè ti le jù. Ìmí àti ìdẹ̀ ni kó ṣe, kó má fún nǹkan kan títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí nǹkan ń yọ láti ojú ara rẹ̀, tàbí tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kó lọ sí ọsibítù. Bí abẹ́ àti itan inú bá kú tipiri tí ẹsẹ̀ sì ń rọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè rọra bẹ̀rẹ̀ ti abẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí ara bá gbà á. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó bi dókítà rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ti ikùn tàbí kẹ́ẹ̀gì.

Wesley Guild ní Iléṣà àti ọsibítù ńlá tó wà ní Ifẹ̀, abẹ́ àkóso kan náà ni wọ́n wà, ẹ lè béèrè físíò níbẹ̀. Kí ẹ tó wá, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ọ́ sínú ìwé: aago tí ẹ mu omi àti iye rẹ̀, aago tí ẹ tọ̀, ìgbà tó jò, àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó jò. Ẹ má yọ èyí tó jò níbi òde ìnáwó kúrò.