Táyà Tí Kì Í Jẹ Epo: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Pààrọ̀ Táyà Ọkọ̀ Háíbíríìdì

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn ìdílé àti àgbẹ̀ túbọ̀ ń bèèrè ọkọ̀ háíbíríìdì tòkunbọ̀, pàápàá Toyota Prius àti Camry, nítorí pé ẹ́ńjìnnì àti mọ́tò oníná ni ó jọ ń gbé ọkọ̀ náà rìn, epo tó ń jó kò sì pọ̀. Bí táyà tó bá a wọ̀lú bá wá gbó, ọ̀pọ̀ ènìyàn a ra èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wọ rímù náà, láìmọ̀ pé táyà tí kò yẹ lè gbé lára èrè tí wọ́n torí rẹ̀ ra ọkọ̀ náà lọ.

Ibi tí táyà bá ti kan ilẹ̀ a tẹ̀, bó bá kúrò nílẹ̀ a tún nà padà, nínú títẹ̀ àti nínà yìí sì ni díẹ̀ lára agbára ọkọ̀ ti ń di ooru. Nínú ọkọ̀ háíbíríìdì, bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò a gba lára agbára eré náà padà sínú bátìrì. Ṣùgbọ́n èyí tí táyà bá ti sọ di ooru kò ní ibi tí a ti lè rí i gbà padà mọ́. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé bí a bá yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú agbára tí táyà ń fi ṣòfò, nǹkan bí ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò yọ kúrò nínú epo tí ọkọ̀ ń jó.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó wò ó. Ọkọ̀ tó ń rin 20,000 kìlómítà lọ́dún, tó sì ń jó lítà 5 ní 100 kìlómítà, lítà 1,000 ni yóò jó lọ́dún náà. Bí táyà tó dára bá gba ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún là, lítà 30 nìyẹn, tàbí lítà 120 ní ọdún 4. Kí ẹ fi iye tí ẹ ń ra lítà kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iye tí oníṣòwò fi kún owó táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí àfikún náà bá ju èrè rẹ̀ lọ, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ má rà á nítorí epo nìkan.

Nọ́ńbà ara táyà

Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n táyà ọkọ̀ yín wà. Prius ọdún 2004 sí 2009 ń lo 185/65R15. Ti 2010 sí 2015 tó bá gbé rímù 15 ń lo 195/65R15. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, èyí tó tẹ̀ lé e sọ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ga tó sí fífẹ̀ náà, 15 sì ni ìwọ̀n rímù ní íńṣì. Àwọn kan ń fi 205/65R15 sí ọkọ̀ tí 195 tọ́ sí nítorí kòtò ojú ọ̀nà, ìdí náà sì yé mi. Àmọ́ táyà yẹn fi nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọkọ̀ náà lọ, nítorí náà kìlómítà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà kò ní tó èyí tí ọkọ̀ rìn gan-an, ẹni tó ni ín yóò sì máa rò pé ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo.

Lẹ́yìn ìwọ̀n yìí ni nọ́ńbà ẹrù máa ń wà. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru 615 kìlógíráàmù. Àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó iṣu tàbí gàrí lọ sí ọjà kò gbọdọ̀ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti orí ìwé ẹnu ọ̀nà, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó.

Ọjọ́ orí táyà

Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wọ̀lú, síbẹ̀ ó kún ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2324 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Toyota fúnra rẹ̀ ní kí onímọ̀ yẹ táyà tó bá ti ju ọdún 6 lọ wò, kódà bí kò bá tíì jọ pé ó gbó. Èmi kò ní ra táyà tuntun tí wọ́n ti tò síta nínú oòrùn fún oṣù púpọ̀, nítorí oòrùn a máa ba rọ́bà jẹ́.

Epo àti òjò

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ṣe táyà tí kì í jẹ epo ni kí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe é, tàbí kí wọ́n dín gíga eyín rẹ̀ kù. Irú táyà bẹ́ẹ̀ sì lè yọ̀ lójú omi. Láti ìgbà tí Michelin ti gbé táyà tí wọ́n fi sílíkà (èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà) pò jáde ní 1992 ni ó ti ṣeé ṣe láti rí èyí tó dín epo kù tó sì tún ń di ilẹ̀ mú nínú òjò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo táyà olówó pọ́ọ́kú ló rí bẹ́ẹ̀. Táyà tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù máa ń ní ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà A dé E ṣe ìpele epo àti ìpele òjò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Bí ẹ bá fi orúkọ táyà náà àti ìwọ̀n rẹ̀ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i. Bí kò bá sí ìwé náà, ẹ wo TRACTION lára táyà ti ọjà Amẹ́ríkà: AA ló dára jù, A tẹ̀ lé e, C ló kẹ́yìn, ojú ilẹ̀ tútù ni wọ́n sì ti dán an wò. Bí ó bá di dandan láti yan ọ̀kan, ẹ yan ti òjò. Lítà 30 lọ́dún kò tó ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ yọ̀ lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù Keje.

Bí owó kò bá ká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ra méjì tó jọra, kí ẹ sì fi wọ́n sí ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń wọ́ Prius. Ọ̀pọ̀ onítáyà yóò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó bá yọ̀ ni ó máa ń yí ọkọ̀ po.

Géèjì

Táyà tó dára jù lọ, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò bá pé, yóò máa jẹ epo. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ṣírò pé bí géèjì (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà, tí wọ́n ń fi psi kà) táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi 1 wálẹ̀, epo yóò fi nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bó bá fi 8 wálẹ̀, ìdá 1.6 ti lọ. 35 ní iwájú àti 33 ní ẹ̀yìn ni ti Prius tó ń lo 195/65R15. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ géèjì rẹ̀, nítorí ooru ìrìn a máa gbé nọ́ńbà náà ga. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára táyà, bíi 44 tàbí 51, ni òpin tí táyà náà lè gbà. Ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ṣe òdiwọ̀n. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá láti 2008 ní iná tó ń kìlọ̀ lórí afẹ́fẹ́ táyà, àmọ́ ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ti fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ tàn, epo ti ṣòfò tipẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń yọ táyà pé ẹ̀rọ kékeré ti iná náà wà nídìí fáàfù nínú rímù, kí ó má baà fi irin ṣẹ́ ẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí táyà tuntun jẹ epo ju èyí tó dán tí ẹ yọ lọ, nítorí pé eyín tó ga ń tẹ̀ ju eyín tó ti jẹ tán lọ. Kí ẹ má ṣe dá táyà náà lẹ́bi. Ẹ rọ epo kún táǹkì, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀, ẹ rìn títí epo yóò fi lọ sílẹ̀ dáadáa, ẹ tún un rọ kún ní ilé epo kan náà, kí ẹ wá fi lítà tó wọ̀ ọ́ ṣe ìṣirò. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ ó mọ ohun tí táyà náà ń jẹ.