Bí A Ṣe Ń Wakọ̀ Nígbà Tí Ọ̀nà Bá Burú Tàbí Tí Ojú Ọjọ́ Kò Dára

Gbogbo agbára tí awakọ̀ ní lórí ọkọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ láti dúró tàbí láti yà, ibi kékeré tí táyà ti kan ilẹ̀ ló ti ń wá, ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Bí omi, ẹrẹ̀ tàbí yìnyín bá ti wọ àárín táyà àti ọ̀nà, táyà kò ní lè di ilẹ̀ mú bó ṣe yẹ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ ti dín eré kù kí ẹ tó dé ibi tó burú, kí ẹ sì rọra lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé bíréèkì tí a tẹ̀ lójijì àti sítíárì tí a yí gìrì ló sábà máa ń mú ọkọ̀ yọ̀.

Ẹ yẹ táyà wò kí ẹ tó gbéra. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà kí a lo táyà títí jíjìn ilà ojú rẹ̀ yóò fi ku mìlímítà 1.6, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí yóò wakọ̀ nínú òjò kò gbọdọ̀ dúró dìgbà náà. Bó bá ti ku mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí ilà wọ̀nyẹn ni omi ń gbà jáde lábẹ́ táyà.

Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ni títì máa ń yọ̀ gan-an, nítorí pé omi ń pò mọ́ epo àti eruku tó ti wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú: bó bá ti kọjá òpó kan, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá, ó yẹ kó tó 2 kí ẹ tó dé ibi òpó náà bí ilẹ̀ bá gbẹ, kó sì tó 4 ó kéré tán bí ilẹ̀ bá tutù. Bí omi bá pọ̀ lójú títì tí eré sì pọ̀, táyà lè gun orí omi kó má kan ilẹ̀ mọ́. Ẹ ó mọ̀ nígbà tí sítíárì bá ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ má sì yí sítíárì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì tí ẹ fi ń fún ọkọ̀ ní iná, kí ẹ sì di sítíárì mú kó dọ́gba títí táyà yóò fi tún kan ilẹ̀. Bó bá wá di dandan láti dúró kíákíá nínú ọkọ̀ tó ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì), ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láìgbẹ́sẹ̀. Gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ ni.

Nínú kùrukùru, iná tó rẹlẹ̀ ni kí ẹ tàn, nítorí iná tó ga yóò kọ lu kùrukùru, yóò sì padà sójú yín. Ẹ má sá ju eré tí ẹ fi lè dúró láàárín ibi tí ojú yín ríran dé.

Lórí ẹrẹ̀, jíà kékeré àti eré kan náà láìdúró ló ń mú ọkọ̀ kọjá. Bí táyà bá ti ń yí lásán, ẹ dáwọ́ dúró, torí ṣe ni yóò túbọ̀ máa gbẹ́lẹ̀ rì. Bí kòtò bá wà níwájú tí kò ṣeé yẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ kí táyà tó wọ inú rẹ̀.

Àgbàrá ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù lọ. Omi tó ń ṣàn tí jíjìn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, èyí tó tó 60 sì lè gbé jíìpù. Ojú lásán kò lè sọ bó ṣe jìn tó, tàbí bóyá títì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣẹ́rí padà, kódà bí ẹlòmíràn bá ti kọjá lójú yín. Bó bá jẹ́ omi tí kò ṣàn, tí kò jìn, tí ẹ sì mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dájú, ẹ fi jíà kìíní rọra kọjá, lẹ́yìn náà ẹ tẹ bíréèkì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ léraléra kó lè gbẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má tún un tan, torí omi tó bá wọ inú rẹ̀ lè ba irin inú rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ẹ jáde lọ sórí ilẹ̀ gíga bí omi bá ń pọ̀ sí i, kí mẹkáníìkì sì fa omi inú ẹ́ńjìnnì jáde kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.