Bí mo ṣe tún bọ́ọ̀dù oníná mi tó ń dojú bolẹ̀ ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun bọ́ọ̀dù oníná onítáyà kan yẹn, èyí tí èèyàn ń dúró lé lórí, tí táyà ẹ̀ wà láàárín, ẹ wá gbọ́ o. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tèmi gbé mi ṣánlẹ̀ ní páàkì ní Houston níbí, bátìrì ti ń lọ sílẹ̀, èmi ṣì ń sáré gun òkè, mọ́tò ò wá lágbára tó máa fi gbé mi dúró mọ́, ni imú bọ́ọ̀dù, ìyẹn iwájú ẹ̀, bá gbálẹ̀ gbì! Ọwọ́ ni mo fi balẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ bó, ọrùn ọwọ́ wú bíi búrẹ́dì.

Mo bá ra wíìlì kéékèèké méjì tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ imú ẹ̀, tó bá gbálẹ̀ á máa yí lọ dípò kó gúnlẹ̀ (ẹ má fagbára dè é o, ike ni, á sán). Mo jo afẹ́fẹ́ táyà láti 20 psi sí 15, ó rọ̀ mí lẹ́sẹ̀ gan-an. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bo àgbọ̀n ni mò ń dé báyìí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó ní ike líle lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Bátìrì bá ti wọ 20%, mo ń fẹsẹ̀ rìn ni, ẹni tó bá fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín.

Lánàá ó tún fẹ́ ṣe é, wíìlì yẹn kàn yí kẹrẹkẹrẹ, mo ṣì wà lórí ẹ̀.