Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tí Ẹyin Obìnrin Ń Jáde, àti Ohun Tí Ọmú Ríro Ń Sọ

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ fún mi pé ó ti di oṣù mẹ́jọ tí òun àti ọkọ òun ti ń wá ọmọ. Ó ní, "Àǹtí, mo ń ṣọ́ ọ lóṣooṣù. Bí ọmú bá ti ń ro mí, mo mọ̀ pé àsìkò ti tó nìyẹn." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Nígbà tí ọmú rẹ̀ bá fi ń ro ó, àsìkò ti kọjá lọ. Ohun tí mo ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí, torí a pọ̀ tí à ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dà dáadáa ni ọjọ́ kìíní. Èyí tó kàn tó sára pátá kò sí nínú rẹ̀. Ẹ kà á títí di ọjọ́ tó ṣáájú nǹkan oṣù tó tẹ̀ lé e. Ibí yìí la ti máa ń ṣì í kà, nítorí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ka ọjà la ṣe ń kà á. Bí ọjà ọrún bá ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún ná: a ka Ajé mọ́ ọn, a sì ka Ẹtì mọ́ ọn. Nǹkan oṣù kò gba irú kíkà yẹn. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tuntun bá dé ti di ọjọ́ kìíní mìíràn, ẹ má kà á mọ́ ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Ti ẹnì kan lè jẹ́ ọjọ́ 28, ti ẹlòmíràn 24, ti ẹlòmíràn 33, kò sì sí àìsàn níbẹ̀.

Ẹyin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ̀yìn la ti ń kà á o. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 á rí i ní nǹkan bí ọjọ́ 14. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 33, nǹkan bí ọjọ́ 19. Ẹyin tó bá jáde kì í lò ju wákàtí 24 lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ọmọ kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ẹyin bá jáde tán.

Kàlẹ́ńdà kàn ń fojú bù ú ni. Omi ojú ara ló ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn nǹkan oṣù, ojú ara á gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀. Omi díẹ̀ á wá máa yọ, á ki, á máa lẹ̀ mọ́ ìka. Tó bá tún yá, á funfun, á rọ̀ bí ìpara. Bí ẹyin bá ti fẹ́ jáde, á pọ̀, á mọ́ gaara, á máa yọ̀ bí omi funfun inú ẹyin adìyẹ tútù.

Ewùrà ni ọmọbìnrin náà ń rin lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ó fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Mo ní kó fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e bu díẹ̀, kó wá la ìka náà díẹ̀díẹ̀. Ó fà bí okùn tínrín kó tó já. Mo ní, "Bó ṣe máa ń fà nìyẹn, àmọ́ tìẹ kò ní láwọ̀, kò sì ní ki tó ewùrà." Ó wò mí. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń rí i, pé òun rò pé àrùn ni.

Ẹ fọwọ́, kí ẹ tó tọ̀, ẹ fi tíṣù nu ojú ara láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ wo ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọkọ yín sùn, àtọ̀ á dà á rú. Ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹ bá rí omi tó ń yọ̀ yìí ló sún mọ́ ìjáde ẹyin jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi álọ́ọ̀mù tàbí ọṣẹ fọ inú ara, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ó ń ba ara jẹ́, ẹ kò sì ní rí àmì kankan. Omi tó bá ń rùn, tó ń yún yín, tàbí tó ṣù bíi wàrà, nọ́ọ̀sì ni kó rí i.

Ìsàlẹ̀ ikùn lè ro àwọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún wákàtí díẹ̀. Tẹmọ́mítà náà wà: ẹ wọn ara yín láràárọ̀ kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, ìgbóná ara á fi nǹkan bí 0.2 sí 0.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius gòkè. Ẹni tó ń jí láago mẹ́rin láti bá ọkọ̀ Èkó lọ láti Ṣágámù lónìí, tó tún sùn di aago mẹ́jọ lọ́la, kò lè gbára lé e.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmú. Ibi tí ẹyin ti yọ kúrò á bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní progesterone jáde, òun ló sì sábà máa ń mú ọmú wú. Ọmú méjèèjì á wúwo, á máa ro, pàápàá lápá òkè lọ síhà abíyá. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ á dé, ara á sì tù yín. Àwọn kan máa ń ní in díẹ̀ lọ́jọ́ ìjáde ẹyin gan-an, àwọn mìíràn kì í ní in rárá, kò sì sọ wọ́n di àgàn. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tó bá ara mu, aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tàbí parasítámọ́ọ̀lù á ràn yín lọ́wọ́. Bí ó bá ń ro, tí nǹkan oṣù kò sì dé, ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún.

Ẹ máa fọwọ́ yẹ ọmú wò ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn nǹkan oṣù, nígbà tí kò wú. Kókó tí kò lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lórí ọmú, awọ ara tó hun jọ bí èèpo ọsàn, tàbí ọmú kan ṣoṣo tó ń ro láìdáwọ́ dúró: ẹ má retí oṣù mìíràn kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 35, tó ti wá ọmọ fún ọdún kan, kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó ti pé 35, oṣù mẹ́fà ti tó. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Ṣágámù fún wa. Ẹ mú kàlẹ́ńdà yín dání lọ, torí ọjọ́ tí ẹ ṣe nǹkan oṣù gbẹ̀yìn wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.