Bẹ́ ẹ ṣe lè rí ohun tí tapeworm inú adìyẹ fi ń mọ nǹkan lára

Tapeworm, ìyẹn aràn pẹlẹbẹ tó ń gbénú ìfun, ò lójú, kò létí, kò tiẹ̀ lẹ́nu, síbẹ̀ tó bá dé inú ìfun adìyẹ ó máa mọ ibi tó ti yẹ kó dì mú. Ara ẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n, orí gan-an ni ohun tó fi ń mọ̀ ọ́n pọ̀ sí jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láàbù tẹ́ ẹ fẹ́ rí i, ó yá.

Ìfun adìyẹ ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, torí pé òun ló ń jẹ̀ kiri tó ń ṣa èèrà àti kòkòrò jẹ, inú àwọn yẹn sì ni ọmọ Raillietina, ìyẹn tapeworm adìyẹ, máa ń wà kó tó dénú adìyẹ. Ẹ bẹ àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà kí wọ́n bá yín kó o nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wá ti ajá o, ẹyin Echinococcus, ìyẹn tapeworm ajá, tó bá wọnú èèyàn lè di àpò omi sínú ẹ̀dọ̀ ẹ̀. Ti adìyẹ náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹ fi sísọ́ọ̀sì la ìfun yẹn gbọọrọ nínú omi iyọ̀ 0.85% tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tẹ́ ẹ bá rí aràn ẹ má fà á! Tẹ́ ẹ bá fà á ọrùn ẹ̀ máa já, orí tá à ń wá, tí ò tó mílímítà kan, á kù sára ìfun, ẹ̀yin á wá di ara lásán mú. Ẹ gé ibi tó dì mú mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá fi abẹ́rẹ́ tú u díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù kékeré.

Bẹ́ ẹ ṣe pa á ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀. Fọ́málìn 4% tó ti fẹ́ẹ̀ máa hó ni kẹ́ ẹ dà lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà (èéfín ẹ̀ ò dáa, abẹ́ fume hood ni o). Tó bá jẹ́ tútù, ó máa sún kì, awọ ẹ̀ á hunjọ, gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò á wọnú ìhunjọ yẹn lọ. Àwọn tẹ́ ẹ máa gé fún TEM (máíkírósíkóòpù electron tó ń fi inú nǹkan hàn) ní tiwọn, glutaraldehyde 2.5% ni kẹ́ ẹ kì wọ́n sí láàyè, lẹ́yìn náà osmium 1%.

Ẹ fi carmine pa ọ̀kan láró, ẹ fi ọtí ethanol fa omi ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kì í sínú òróró kànáfùrù kó mọ́ gaara. Ẹ máa rí ihò ìfàmọ́ra mẹ́rin àti ìkọ́ wẹ́wẹ́ tó dà bí òòlù. Ohun tá à ń wá gan-an ò ní hàn níbẹ̀, torí máíkírósíkóòpù oníná ò lè ya nǹkan tó sún mọ́ra ju nǹkan bíi 200 nánòmítà lọ sọ́tọ̀, irun ìmọ̀lára tí aràn yìí fi ń mọ nǹkan ò sì fi bẹ́ẹ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí kàn jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò ni.

SEM (máíkírósíkóòpù electron tó ń fi ojú ara nǹkan hàn) ló kàn, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í. Gbogbo awọ tapeworm ló kún fún microtriches, wọ́n máa dà bí irun lójú yín, àmọ́ wọn kì í ṣe irun ìmọ̀lára. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wá máa ń dá yọrí láàárín wọn, orí ẹ̀ ò ṣóńṣó, òrùka sì sábà máa ń yí ìdí ẹ̀ ká. Tó bá ń ṣe yín bíi pé kò dá yín lójú, TEM á parí ìjà: ẹ gé e pẹlẹbẹ ní nǹkan bíi 70 nánòmítà. Tó bá jẹ́ microthrix (ẹyọ kan lára microtriches), ẹ ò ní rí ọ̀pá kankan nínú ẹ̀, ṣóńṣó ẹ̀ á dúdú. Tó bá jẹ́ irun ìmọ̀lára, ẹ máa rí ọ̀pá wẹ́wẹ́ ní méjì méjì, ọ̀nà mẹ́sàn-án yípo, méjì láàárín. Ẹ tẹ̀ lé e wọnú awọ lọ, ẹ máa bá ìdí ẹ̀ tó wú bí alùbọ́sà, òrùka dúdú wà lọ́rùn ẹ̀, ẹnu ẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ awọ pinpin. Òpin nẹ́ẹ̀fù nìyẹn. Àwọn kan wà tí ò nírun rárá o, òrùka yẹn lẹ máa fi dá wọn mọ̀.

Ẹ má sì sọ ara tó kù nù, ẹ wo etí ihò tó fi ń bá aràn míì lò pọ̀, irun ìmọ̀lára wà níbẹ̀ náà.